Ọmọbìnrin Tó Pe Àna Rẹ̀ Lórúkọ

Ọjọ́ tí Suliat kọ́kọ́ pàdé Mùkáílà, ìjà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kànga ilé wọn ti gbẹ, ló bá ru ọpọ́n aṣọ lọ sí etí adágún omi tí ìjọba dí sẹ́yìn ìlú Ìwó. Ó ń fọ ìró ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọkùnrin kan wa ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ dé láti àárín omi.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, àǹtí. Wọn kì í fọṣọ níbí. Omi tí gbogbo ìlú ń mu ni."

"Ta ló ní wọn kì í fọṣọ níbí?"

"Àwa tá à ń ṣọ́ omi ni."

"Ẹ̀yin mélòó?"

Ọmọkùnrin náà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀rín pa á. "Èmi nìkan náà ni."

Ìgbà náà ló wá rí i pé ọmọbìnrin yìí jókòó jìnnà sí etí omi. Igbá tó so mọ́ ọ̀pá gígùn ló fi ń bu omi, bí ẹni tó ń jí i.

"Kí ló dé tó o fi jìnnà tó báyẹn?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù èmi ni àbí ẹ̀rù omi?"

"Omi ni mo wí. Ìwọ, mi ò tíì mọ̀ ọ́."

Mùkáílà bu omi kún ọpọ́n, ó gbé e gun òkè lọ síbi tí ọṣẹ kò ti ní ṣàn padà sínú adágún, ó sì jókòó tì í títí ó fi fọṣọ tán. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ni pé kó máa wọn bí omi ṣe jìn tó láràárọ̀, kó sì máa ká oṣíbàtà kúrò lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, oṣíbàtà sinmi.

Suliat ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kékeré kan lọ́nà ọjà Odò-Òrì. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí Mùkáílà fi gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan dé, bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti já. Suliat rán an. Lọ́sẹ̀ kejì, bọ́tìnnì yẹn náà tún já. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Suliat gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Arákùnrin, ṣé ewúrẹ́ ló ń jẹ bọ́tìnnì yìí ni, àbí o ní nǹkan tó o fẹ́ sọ?"

"Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ."

"Sọ ọ́."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Suliat. Láti ọjọ́ ọpọ́n aṣọ yẹn ló ti ń ṣe mí."

Ìdùnnú ló yẹ kó bá ọmọbìnrin náà, ẹ̀rù ló bá a. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó fà á fún yín, kí ẹ má baà rò pé ó ń ṣakọ ni. Ìyá rẹ̀, Hàbíbátù, tó ń ta epo pupa, ti sin ọkọ méjì. Bàbá Suliat ni àkọ́kọ́, ọmọ ọdún mẹ́rin ni Suliat nígbà tó kú. Èkejì fẹ́ ẹ ní opó, kò lò ju ọdún méjì lọ, òun náà kú. Láti ìgbà náà ni ìlú ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé nílé Hàbíbátù, ọkọ kì í gbó. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí i lójú o. Wọ́n á kí i, wọ́n á ra epo, wọ́n á sì fa ọmọkùnrin wọn sẹ́yìn. Etí Suliat gbọ́ ọ láti kékeré, ó sì gbà á gbọ́. Ó dá a lójú pé ọkùnrin tí òun bá fẹ́, òun á pa á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ní kí ìfẹ́ má wọlé. Wọ́n ń fẹ́ ara wọn, Suliat sì ń jẹ̀rora. Bí Mùkáílà bá húkọ́ lásán, àyà rẹ̀ á já. Nígbà tí ibà dá ọmọkùnrin náà dúró sílé fún ọjọ́ mẹ́rin, Suliat kò lè jẹun, ó sì rán apá bùbá oníbàárà kan lódìlódì.

Mùkáílà mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá rẹ̀, Fàtáì Ọládépò. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá yìí, lọ́nà Kuta ni oko rẹ̀ wà, òun ló sì ń ṣáájú ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn. Ó bèèrè pé ọmọ ta ni. Nígbà tó gbọ́, ó mi orí.

"Rárá. Ìwọ nìkan ni ọmọkùnrin tí mo bí. Mi ò ní fọwọ́ ara mi mú ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń sin ọkọ."

Ọdún kan àbọ̀ kọjá lórí "rárá" yẹn. Síbẹ̀, Suliat ń bọ̀wọ̀ fún bàbá náà bí ẹni tí wọ́n ti fi fún ọkọ. Ẹ ṣáà mọ àṣà wa: ọmọbìnrin tó ń retí àtilọ sílé ọkọ kì í jẹ́ kí bàbá ọkọ rí ojú òun, kì í sì í dárúkọ rẹ̀. Bó bá rí i lókèèrè, á sá wọlé, á fi ìborùn bojú. Àwọn ọmọge ìgbà náà ti ń fi àṣà yìí ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti Suliat, ẹ̀rù sọ ọ́ di dandan. Tó bá ti rí fìlà funfun bàbá náà lọ́nà Odò-Òrì, abẹ́ tábìlì ló ń wọ̀. Bàbá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì mọ ojú rẹ̀ rí.

Iléyá ọdún 1986 bọ́ sínú oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò ń sinmi. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ní àwọn á ṣe àríyá etí omi lọ́jọ́ kẹta ọdún. Wọ́n yá ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja fún ìdíje, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá, wọ́n sì ní kí Mùkáílà máa fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àwọn àgbà yí omi ká. Bọ́sẹ̀, ọ̀rẹ́ Suliat, ló fà á lọ síbẹ̀ ní agbára.

Mùkáílà na ọwọ́ sí i láti inú ọkọ̀. "Wọlé, olólùfẹ́ mi. Kí àwọn àgbà tó dé."

"Mi ò wọ̀ ọ́."

"Di ọwọ́ mi mú."

"Tí ọkọ̀ bá dojú dé ńkọ́?"

"A óò lúwẹ̀ẹ́."

"Mi ò mọ̀ ọ́n lú."

"Èmi á lú u fún àwa méjèèjì."

Bọ́sẹ̀ tì í lẹ́yìn díẹ̀, Suliat bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó di ojú, ó ń ka gbogbo súrà tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Nígbà tó yá, kò gbọ́ ariwo mọ́, omi nìkan ló ń gbọ́ lábẹ́ àjẹ̀. Ó la ojú.

Kò mọ̀ pé ìlú òun dára tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo etí omi kún fún aṣọ ọdún, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run. Èéfín ẹran àgbò tí wọ́n ń sun ń gun òkè. Àwọn ọmọdé jókòó lórí ògiri tí wọ́n fi dí omi, ìgò mínírà wà lọ́wọ́ wọn. Orin dé ọ̀dọ̀ wọn láti òkèèrè, ó sì rọ̀ ju bó ṣe rí lórí ilẹ̀ lọ. Suliat ti ọwọ́ bọ omi títí dé ọrùn ọwọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mùkáílà, ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Wò ó, kò bà mí."

"Ojú rẹ yìí ni mo fẹ́ máa wò títí n ó fi darúgbó."

Ẹ̀rín Suliat wọlé padà. Ó wù ú kí ọmọkùnrin náà má sọ ọ̀rọ̀ ogbó. Wọ́n yí padà sí etí omi, kó lè sọ̀ kalẹ̀.

Kí ọkọ̀ tó fara kan ilẹ̀ dáadáa, àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan ti gbé bàbá arúgbó kan sókè, wọ́n gbé e sí iwájú ọkọ̀, wọ́n sì ti ọkọ̀ padà sómi. "Mùkáílà, fi omi han bàbá rẹ." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Suliat rí fìlà funfun. Ìdí ọkọ̀ ni Suliat wà, àna rẹ̀ sì ti dí ọ̀nà. Kò sí abẹ́ tábìlì níbẹ̀. Ó fa ìborùn bojú, ó ku ẹyinjú nìkan, ó sì kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀.

"Ẹ kú ọdún, Bàbá." Ohùn rẹ̀ kò fẹ́ jáde.

"Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀, ọmọ mi. Mùkáílà, ta nìyí?"

Mùkáílà tẹjú mọ́ àjẹ̀. "Ọ̀kan nínú àwọn tó wá wòran ni, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Suliat wọ egungun. Ṣùgbọ́n kò ráyè bínú, ẹ̀rù kò jẹ́.

Bàbá wò ó títí, inú rẹ̀ dùn. "Wo ọmọ tó ní ìtìjú. Irú èyí ni kó o mú wá fún mi, kì í ṣe ọmọ elépo yẹn."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"O rò pé mo kórìíra rẹ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Nígbà tí ọkọ kejì ìyá rẹ̀ kú, èmi ni mo ṣáájú ìrun òkú rẹ̀. Láti ọjọ́ tó o ti dárúkọ ọmọbìnrin yẹn, mo máa ń rí ọ lójú oorun nínú aṣọ funfun."

Ọwọ́ Mùkáílà dúró lórí àjẹ̀. Suliat tẹ orí mọ́ eékún. Kò lè bá bàbá yìí jà nínú ọkàn rẹ̀, nítorí àlá kan náà ni òun ń lá.

Ìdíje ti bẹ̀rẹ̀ lápá kejì. Ọkọ̀ méjì kọlu ara wọn, ọ̀kan dojú dé, ọkùnrin mẹ́rin bọ́ sómi, méjì nínú wọn kò mọ̀ ọ́n lú. Gbogbo etí omi pariwo pé "Mùkáílà! Mùkáílà!" nítorí òun ni wọ́n mọ̀ mọ́ omi náà. Ó bọ́ bùbá sílẹ̀, ó ti àjẹ̀ sí Suliat lọ́wọ́.

"Mú u dání. Ẹ má dìde, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde."

Ó bẹ́ sómi, ó ń lọ.

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo bó ṣe ń lọ láàárín omi, orí rẹ̀ ń rì, ó ń yọ. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó dìde. "Mùkáílà, padà!" Ọkọ̀ fì sápá kan, bàbá sì ré bọ́.

Suliat kò mọ bó ṣe dé iwájú ọkọ̀. Ó dùbúlẹ̀ lórí ikùn, ó ti apá méjèèjì bọ omi títí dé èjìká, omi ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ ba apá agbádá bàbá. Ó dì í mú. Orí bàbá yọ, kò ní fìlà mọ́. Ọkọ̀ ń tẹ̀ lọ sí apá ọ̀dọ̀ wọn.

"Fi mí sílẹ̀," bàbá ní, ó ń pọ omi lẹ́nu. "Yóò dojú dé."

"Mi ò fi yín sílẹ̀."

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ó ti di mẹ́ta. Ìlú á ní ó ti di mẹ́ta, àti pé èyí tiẹ̀ kú kí òun tó dé ilé ọkọ. Ó kígbe, "Bàbá! Ẹ gbà wá, Bàbá ti bọ́ sómi!" Ta ni yóò wẹ̀yìn? Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ ni bàbá. Ó kígbe, "Mùkáílà!" Àwọn èèyàn tó ju ẹgbẹ̀rún lọ ló ń pe Mùkáílà lákòókò kan náà, ọmọkùnrin náà kò sì mọ̀ pé ti ẹ̀yìn yàtọ̀. Agbádá ti ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Suliat mí kanlẹ̀, ó wá ṣe ohun tí ọmọbìnrin kan kì í ṣe.

"Fàtáì! Fàtáì Ọládépò! Fàtáì Ọládépò ń kú lọ o!"

Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní gbangba, tí ìyàwó ilé kì í pè, tí ọmọ kì í pè. Àwọn apẹja ti fa ẹnì kan yọ, Mùkáílà sì ti fa èkejì dé etí ọkọ̀ wọn nígbà tó gbọ́ ọ nínú ohùn obìnrin. Ó yí orí padà. Ó rí ọkọ̀ rẹ̀ tó tẹ̀, ó rí Suliat lórí ikùn, ó sì fi gbogbo agbára lúwẹ̀ẹ́ bọ̀. Kí ó tó dé, bàbá wo ojú ọmọbìnrin náà. Ìborùn ti lọ.

"Ta ni ọ́?"

"Èmi ni Suliat, ọmọ Hàbíbátù."

Bàbá di ojú. Apá kejì rẹ̀ jáde nínú omi, ó sì di ọwọ́ Suliat mú.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilẹ̀, ó ń mí. Ẹ lè rò pé ìyìn ló kàn. Ṣẹ̀fíátù, àbúrò bàbá náà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ta ló ń pe ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀?" Nígbà tí wọ́n sì sọ ọmọ ẹni tó jẹ́ fún un, ó kó ọwọ́ lérí. "Ọmọ Hàbíbátù ló wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀? Ẹ gbọ́, kò tíì wọlé wa, ó ti ń fà á lọ."

Suliat rìn lọ sílé, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Kò wẹ̀yìn.

Òtútù omi wọ bàbá lára. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi dùbúlẹ̀, ó ń húkọ́, ibà ń bá a jà. Lọ́jọ́ kẹrin Mùkáílà wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Mo wá tọrọ àforíjì. Mo ní ọ̀kan nínú àwọn tó wá wòran ni ọ́. Ojú ń tì mí."

"Máa lọ, Mùkáílà."

"Suliat, ìwọ lo dì í mú."

"Èmi ni mo jókòó tì í nígbà tó ré bọ́. Tó bá kú, kí ni n ó sọ? Tó bá di ọ̀la, tí ìwọ náà dùbúlẹ̀, kí ni n ó sọ? Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ju kí n pa ọ́ lọ. Máa lọ, kí o lè darúgbó."

Mùkáílà sunkún níbẹ̀, ọkùnrin gìrìwò. Suliat kò gbójú sókè kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tó lọ tán, ó rí i pé kò sí òwú nínú abẹ́rẹ́ tí òun fi ń rán aṣọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹwàá, ẹnì kan fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn wọn. Hàbíbátù ṣílẹ̀kùn. Fàtáì Ọládépò ló dúró níta, ó ti rù, ó gbára lé Mùkáílà. Suliat sá wọ yàrá.

"Ọmọ yẹn, jáde," bàbá ní. "Ẹni tó ti pè mí lórúkọ létí gbogbo Ìwó, kí ló tún ń sá fún?"

Suliat jáde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ foríjì mí, Bàbá."

"Ká ní o pè mí ní Bàbá nìkan lọ́jọ́ náà ni, òkú ni ì bá máa jẹ́ Bàbá báyìí." Ó jókòó, ó sinmi díẹ̀, ó wá kọjú sí Hàbíbátù. "Ìyá Suliat, mo fẹ́ bi yín ní ohun kan. Kí ló pa àwọn ọkọ yín?"

Hàbíbátù wò ó.

"Ọdún méjìdínlógún rèé tí mo ti ń retí pé kí ẹnì kan bi mí. Bàbá Suliat wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ṣubú lọ́nà Ìbàdàn. Èèyàn mọ́kànlá ló kú nínú rẹ̀. Ṣé èmi ni mo fẹ́ àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá?" Ó nu ojú. "Èkejì ti ń ṣàìsàn kó tó fẹ́ mi. Ó sọ fún mi. Ó ní òun kò fẹ́ dá kú. Mo mọ̀ pé kò ní pẹ́, mo sì fẹ́ ẹ. Ọdún méjì tí mo fi tọ́jú rẹ̀, n kò kábàámọ̀ ọjọ́ kan."

Bàbá bọ́ fìlà.

"Mo ṣáájú ìrun òkú rẹ̀," ó ní, "mo sì padà sílé, mo ń sọ ohun tí gbogbo ayé ń sọ. Ẹ foríjì mí. Ọmọ yín ni mo wá tọrọ."

Hàbíbátù ní ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ ọmọ òun. Bàbá kọjú sí Suliat. "N kò ní parọ́ fún ọ. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ìwọ ńkọ́?"

"Ó ń bà mí, Bàbá. Ó ń bà mí gan-an ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wá sílé wa, ká jọ máa bẹ̀rù."

Mùkáílà bú sẹ́rìn-ín, ẹkún wà nínú rẹ̀. Lóṣù kejì sígbà náà ni wọ́n so yìgì. Àáfà bi Suliat bóyá ó gbà, ó dákẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọge ṣe ń ṣe. Àáfà ti ń sọ pé ìdákẹ́ rẹ̀ náà ni ìdáhùn nígbà tí Suliat gbójú sókè. "Mo gbà," ó ní, gbogbo èèyàn sì gbọ́ ọ.

Òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, Suliat jí, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà ọkọ rẹ̀, ó ń wò ó bóyá ó ń mí. Mùkáílà kò la ojú. "Mo wà," ó ní. "Dìde ká kírun."

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Bàbá ti lọ, ogbó ló mú un lọ, Suliat ló sì di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà. Mùkáílà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, irun rẹ̀ ti funfun. Ẹ̀rù yẹn kò tíì kúrò lára ìyàwó rẹ̀. Láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ṣì ń gbé ọwọ́ lé e láyà, ọkọ rẹ̀ a sì dá a lóhùn pé, "Mo wà, Suliat."